Ilé Tó Lè Gbẹ: Ọ̀rọ̀ lórí Bébà, Òwú Onídígí àti Ọ̀rinrin nínú Ilé Ilẹ̀ Ìbàràpá

 Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ lónìí: ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa yìí, ilé tó lè gbẹ ni ilé tó dára. Mi ò sọ pé ilé tí omi kò lè kàn, nítorí kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀run. Òjò ń gbé omi wá látòkè, ilẹ̀ ń fà á wá látìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń rù ú wọlé látojú fèrèsé, àwa tí à ń gbé inú ilé náà sì ń fi èémí, ìwẹ̀, aṣọ sísá àti àmàlà rírò kún un. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí onílé bi ẹni tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé fún un ni pé: bí omi bá dé ibí yìí, ọ̀nà wo ni yóò gbà jáde? Púpọ̀ nínú ohun èlò tuntun tó ń wọ ọjà wa, pàápàá òwú ìdènà-ooru tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lójú, ni wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tí ìdáhùn ìbéèrè yìí ti yàtọ̀ pátápátá sí tiwa. Bí a bá tò wọ́n sílé bí àwọn tó ṣe wọ́n ti ń tò ó, ọ̀nà tí omi ń gbà jáde gan-an la ó dí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Dígí ni wọ́n máa ń yọ́, tí wọ́n á fà á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi di òwú. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú náà ló ń dá ooru dúró, kì í ṣe dígí fúnra rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀. Lójú kan òwú yìí ni wọ́n lẹ bébà líle aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́, irú bébà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe àpò sìmẹ́ǹtì. Irú ọ̀dà tí à ń tẹ́ sí ojú títì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ọ̀dà yìí ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídí omi inú afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tí òwú yìí ti gbilẹ̀, wọ́n máa ń kì í sáàárín igi ògiri àti igi òrùlé, wọ́n á sì kọ ojú bébà náà sínú yàrá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní ìgbà òtútù wọn, inú ilé lè móoru dé 20°C nígbà tí yìnyín bo gbogbo ìta. Omi inú afẹ́fẹ́ a sì máa ti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti kéré. Ní ilẹ̀ wọn, láti inú yàrá tó móoru bọ́ síta tó tutù ni. Bí kò bá sí ohun tó dá a dúró, yóò la òwú kọjá, yóò kan pákó tútù tó wà lẹ́yìn, yóò di omi níbẹ̀, pákó yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Bébà tó kọjú sí yàrá ni aṣọ́nà tó ń dá omi náà padà. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, n kò sì ní ohun kankan bá a jà ní ilẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ẹ fojú inú wo ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín ìgbà òjò, tí ìta gbóná dé 28°C tí afẹ́fẹ́ sì rin gbingbin. Bí a bá ní àpótí afẹ́fẹ́ kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, afẹ́fẹ́ tó gbóná dé 30°C lè ru omi bíi gíráàmù 30 nínú rẹ̀. Bí ó bá tutù dé 20°C, kò lè ru ju bíi 17 lọ. Ìyókù gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ síbì kan. Ìdí nìyí tí ìgò omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì fi ń làágùn lórí tábìlì: omi náà kò ti inú ìgò jáde, ara afẹ́fẹ́ ló ti wá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta bá wà ní 28°C tó sì ru ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún omi tó lè rù, ohunkóhun tó bá tutù ju bíi 24°C lọ ni yóò máa làágùn bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ fi ẹ̀rọ amúlétutù sínú yàrá, kí ẹ yí i sí 18 tàbí 20. Sílíǹgì yàrá náà àti ojú ògiri rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ti di ara ìgò nìyẹn. Omi kò tún ti inú yàrá lọ síta mọ́. Láti ìta àti láti inú àjà ló ti ń bọ̀ wá sínú yàrá. Bí a bá wá kọ ojú bébà sí yàrá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sára àpò òwú náà fún àwọn ará ilẹ̀ òtútù, omi yóò wọ inú òwú láti òkè láìsí ìdíwọ́, yóò dé ẹ̀yìn bébà, yóò bá a ní títì, yóò sì dúró síbẹ̀. Aṣọ́nà wa ti kọ ẹ̀yìn sí olè.

Ẹnìkan lè sọ pé èrò orí ìwé lásán nìyí. Kì í ṣe èrò lásán. Gúúsù ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà móoru, ó sì rin, ó fi púpọ̀ jọ tiwa. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, ọ̀pọ̀ ilé ìtura níbẹ̀ ni ògiri yàrá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bu lábẹ́ aṣọ ògiri oníke aláràbarà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, omi ń ti ìta wọ inú ògiri, aṣọ ògiri oníke kò sì jẹ́ kí ó jáde sínú yàrá kí ẹ̀rọ náà gbà á mu. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ ògiri náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, ó ti pupa, ó sì ń rùn. Owó ńlá ni wọ́n fi tú ògiri wọ̀nyẹn palẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti pín orílẹ̀-èdè wọn sí ẹkùn-ẹkùn nínú òfin ìkọ́lé: ẹkùn tí òtútù ti mú gan-an ni òfin ti ní kí wọ́n fi ohun ìdènà omi afẹ́fẹ́ síhà inú, kì í ṣe Miami ní Florida. Irú aṣọ ògiri oníke yìí kan náà ni wọ́n ń tà nísinsìnyí ní ọjà Ìbàdàn àti Èkó gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́ yàrá, àwọn ènìyàn sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ó dùn mí pé ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti fi owó iyebíye rà, àwa tún fẹ́ lọ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bébà fúnra rẹ̀ tún ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ara igi ni wọ́n ti ń ṣe é, olú tíntìntín tó ń mú kí nǹkan bu sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún 1894 ni Augustine Sackett gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún pákó tí wọ́n fi bébà àti ẹfun líle kan tó ń jẹ́ jípsọ́ọ̀mù ṣe, òun sì ni bàbá ńlá àwọn bọ́ọ̀dù jípsọ́ọ̀mù tí à ń fi ṣe sílíǹgì lónìí. Nígbà tí ìjì Katrina kó omi bo New Orleans ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni bíbu gba ojú bébà ògiri wọn lẹ́yìn tí omi ti fà. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ni pé kí á gbẹ ohunkóhun tí omi bá kàn nínú ilé láàárín wákàtí 24 sí 48, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu. Ẹ bi ara yín léèrè: ní oṣù Kẹsàn-án ní Èrúwà, ohun wo la tẹ́ sókè àjà tó máa ń gbẹ láàárín ọjọ́ méjì? Ní ti ikán, n kò ní láti sọ púpọ̀ fún ará Ìbàràpá. Kòkòrò tó ń gba ihò inú kọ́ńkéré kọjá nítorí àtijẹ ìlẹ̀kùn kò ní fi bébà tútù sílẹ̀. Bébà yìí a tún máa gbiná wéréwéré. Ara àpò rẹ̀ gan-an ni àwọn tó ṣe é ti ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìbò. Nínú àjà tí wáyà iná ti ń rìn gátagàta, ìkìlọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì nílẹ̀ yìí ti mọ ohun tí mò ń wí tipẹ́, bí wọn kò tiẹ̀ kọ́ ọ níwèé. Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń tẹ́ pákó kí wọ́n tó to àpò sìmẹ́ǹtì lé e? Kí ni ìdí tí wọn kì í fi í fara ti ògiri? Wọ́n mọ̀ pé bí àpò náà bá fara kan ilẹ̀ fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ yóò dì. Omi kò dà sí i, ẹnikẹ́ni kò sì já a. Ọ̀rinrin ló la bébà kọjá díẹ̀díẹ̀. Bí a bá sọ pé bébà irú èyí, tí wọ́n fi ọ̀dà títì díẹ̀ kún, ni yóò gba òrùlé wa lọ́wọ́ omi fún ogún ọdún, a ti gbé ẹrù tó wúwo ju agbára rẹ̀ lọ kà á lórí. Àwọn ìyá tó ń ṣe láfún náà mọ̀ ọ́n. Pákí tí kò gbẹ dénú kì í pẹ́ bu nínú àpò, bí ó ti wù kí ẹnu àpò náà dí tó. Dídí kò lè rọ́pò gbígbẹ.

Àtakò kan wà tó lágbára, mo sì fẹ́ dá a lóhùn dáadáa. Wọ́n á ní: ‘Ẹ̀rọ amúlétutù mélòó ló wà ní Ìbàràpá? Iná wo ló ń gbé e? Ọ̀rọ̀ ilé ìtura àti báńkì lẹ ń sọ, kò kan tálákà.’ Lóòótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n iná oòrùn ń wọ ìgboro, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń kọ́lé sílé, ẹ̀rọ amúlétutù sì máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó tó kan ìpìlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù náà ní ohun tó ń tutù lórí rẹ̀ lálaalẹ́, páànù ni. Páànù tó gbóná ju 60°C lọ lọ́sàn-án kì í pẹ́ tú gbogbo ooru rẹ̀ sójú ọ̀run bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ojú sánmọ̀ sì mọ́. Ó lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Láàárín ọyẹ́ gidi, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí omi sọ̀ kalẹ̀. Àwọn oṣù tó wà ní etí ọyẹ́, bí oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, ló léwu: afẹ́fẹ́ ṣì rin, ojú ọ̀run sì ti là. Nígbà náà ni ìrì máa ń sẹ̀ sórí páànù àti sábẹ́ rẹ̀, tí ti abẹ́ rẹ̀ á máa kán sórí ohun tó bá wà nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sílíǹgì pákó lásán ni, yóò rin, yóò sì gbẹ nígbà tí oòrùn bá yọ. Bí ó bá jẹ́ òwú tí bébà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni, bébà náà á gba omi dúró, òwú á fà á mu, onílé kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí sílíǹgì bá wú tàbí tí òórùn bíbu bá ń jáde láti òkè. Báyìí ni òwú náà ṣe ń pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń dènà ooru, omi sì ń gbé ooru kọjá ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 20. Ẹni tó ra òwú kí yàrá rẹ̀ lè tutù, tó sì jẹ́ kí òwú náà rin, ti fi owó ra ẹrù lásán sórí sílíǹgì rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní: ‘Òfin ìjọba ló ní kí á ṣe é.’ Òtítọ́ ni pé Nàìjíríà ní ìlànà lórí lílo agbára iná nínú ilé tó jáde ní ọdún 2017, ó sì béèrè pé kí òrùlé ní ohun ìdènà ooru. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ooru abẹ́ páànù ń jẹ wá níyà, ó ń lé ọmọ wa jáde nínú kíláàsì, ó ń mú kí ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù máa san owó iná tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n kí á dènà ooru kò túmọ̀ sí pé dandan ni kí á lo bébà. Ohun tó ń fi ooru páànù ránṣẹ́ sísàlẹ̀ jù lọ́sàn-án ni ìtànṣán láti abẹ́ páànù náà, alumíníọ́ọ̀mù dídán sì lè dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà, níwọ̀n ìgbà tí àlàfo afẹ́fẹ́ bá wà láàárín òun àti páànù, tí eruku kò sì bò ó. Bí ó bá fara kan páànù, ìwúlò rẹ̀ yìí ti parí. Mo ti rí i pé níbi tí wọ́n ti ń lo òwú alálumíníọ́ọ̀mù nínú gbọ̀ngàn àti ilé ìjọsìn, wọ́n sábà máa ń na páànù lé e lórí ṣinṣin bí ẹni ń na ẹní. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà lèyí, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe òwú. Ẹni tó bá fẹ́ òwú sórí sílíǹgì yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kó lo èyí tí kò ní bébà rárá. Bí kò bá sì rí òmíràn ju oníbébà lọ, kó kọ ojú bébà sókè, síhà ibi tí ooru àti omi ti ń bọ̀, kó sì rí i dájú pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú àjà.

Afẹ́fẹ́ inú àjà yìí ni àtakò mìíràn dá lé. ‘Bí ẹ bá dá ihò sí etí òrùlé, àdán á wọlé, ẹ̀fọn á wọlé, eruku ọyẹ́ á wọlé.’ Nẹ́tì lílágbára lẹ́nu ihò náà ti yanjú ti àdán, bí a bá kàn án dáadáa. Ẹ̀fọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjà níwọ̀n ìgbà tí sílíǹgì bá wà láàárín. Eruku ni mo gbà pé ó ní ọ̀rọ̀ sọ, pàápàá ní oṣù Kìíní, ṣùgbọ́n eruku kì í jẹ igi, omi ló ń jẹ igi. Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan, eruku ni n ó yàn.

Kí á tó máa jiyàn lórí òwú rárá, ibi tí omi púpọ̀ ti ń wọlé ni kí á kọ́kọ́ bójú tó, mo sì gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti tóbi jù lọ. Òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàràpá lọ́dún ju 1,000 mìlímítà lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ sórí ilé kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 10 lọ́nà méjèèjì: mìlímítà kan jẹ́ lítà 100, ẹgbẹ̀rún mìlímítà jẹ́ lítà 100,000. Gbogbo omi yìí ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí ìdí ògiri bí etí òrùlé bá kúrú. Àwọn tó ń kọ́ ilé alámọ̀ mọ èyí dáadáa. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń po amọ̀, ìpele-ìpele ni wọ́n ń mọ ọ́n, wọn kì í sì í gbé ìpele kejì lé èkíní kí ó tó gbẹ. Ìdí nìyí tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi jẹ́ ìgbà ilé mímọ. Ògiri náà nípọn, ó lè fa ọ̀rinrin mu lóru kó sì tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án. Koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi bò ó máa ń yọ síta gan-an, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, òjò kò sì rí ojú ògiri. N kò sọ èyí láti fi yin ayé àtijọ́. Bẹẹrẹ ń gbiná, eku ń gbé inú rẹ̀, iṣẹ́ pípààrọ̀ rẹ̀ kì í tán. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé gbogbo ilé náà, láti òkè dé ilẹ̀, wà fún gbígbẹ. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, a ti pààrọ̀ ohun èlò, a sì ti ju ọgbọ́n náà nù pẹ̀lú amọ̀. A fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ àtijọ́, omi há sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bó lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ.

Ọgbọ́n yìí kò bá amọ̀ kú dandan. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ń ya àwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn, kọ́ńkéré ni wọ́n lò, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí yàrá to tẹ̀lé ara wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba iwájú wọlé kí ó gba ẹ̀yìn jáde, wọ́n sì fi ògiri oníhò bo ojú ilé kí òjò àti oòrùn má wọlé tààrà. Ẹni tó bá dé ilé ìkàwé Kenneth Dike lónìí yóò rí i. Ìwé wọn lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tó ní ọ̀rinrin jáde ní ọdún 1956. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ṣòro, kò sì béèrè ohun èlò tó ti òkun wá. Ẹ wá fi wé ilé tó gbòde báyìí, èyí tí wọ́n fi pàrápẹ́ẹ̀tì bo òrùlé rẹ̀ kí páànù má baà hàn. Kò ní etí òrùlé kankan. Òjò ń na ojú ògiri láti òkè dé ilẹ̀, omi òrùlé ń gba inú gọ́tà tó wà lẹ́yìn pàrápẹ́ẹ̀tì, bí ewé bá sì dí gọ́tà náà ní ọjọ́ òjò ńlá kan, inú àjà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ lọ, sórí sílíǹgì POP tí wọ́n fi owó ńlá ṣe. Mo mọ̀ pé ó wu ojú. Ṣùgbọ́n ilé tó wà ní ibi tí òjò ti ń rọ̀ tó báyìí, tí kò ní etí òrùlé, ń bá ojú ọ̀run jà, kò sì sí ọ̀dà tàbí òwú tó lè bá a ṣẹ́gun.

Nísàlẹ̀ náà, omi ń gun ògiri. Búlọ́ọ̀kù ní ihò tíntìntín, ó sì ń fa omi láti inú ilẹ̀ gun òkè. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìyọ̀ funfun àti kíkùn tó ń ṣí ní ìdí ògiri. Àwọn bíríkìlà wa máa ń sọ pé ilé ti dé DPC nígbà tí wọ́n bá da kọ́ńkéré ilẹ̀ tán, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, ohun tó ń jẹ́ DPC gan-an, ìyẹn ike tàbí ohun mìíràn tí omi kò lè là kọjá, tó yẹ kó wà lábẹ́ kọ́ńkéré náà àti lórí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ kí ògiri tó gòkè, kò sí níbẹ̀. Níhìn-ín gan-an ni dídí ti wúlò. Ẹ má baà sọ pé mo kórìíra dídí: omi inú ilẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, kò sì sí ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò gbẹ fún ògiri, nítorí náà kí á dí i pátápátá. Omi òjò àti ti afẹ́fẹ́ ń wá, ó sì ń lọ, nítorí náà kí á jẹ́ kí ó rí ọ̀nà lọ.

Bí a bá tún padà sókè, àwọn kan ti sọ pé sílíǹgì asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ kò bu, ikán kò sì jẹ ẹ́, kí a padà sí i. Rárá o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láìfi bò pé gbogbo irú asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló ń fa jẹjẹrẹ. Kí ẹni tó bá ní i nílé má ṣe gé e, kí ó má sì fọ́ ọ. Àjọ yìí kan náà ló gbé ìwé jáde ní ọdún 2009 lórí ọ̀rinrin àti bíbu nínú ilé, tó fi hàn pé ikọ́, ikọ́ fée àti àìsàn ọ̀nà ọ̀fun wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìbàràpá yìí ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń mú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá láti ọdún 1963 kí wọ́n lè rí i pé ibi tí ènìyàn ń gbé, omi tó ń mu àti ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ ni àìsàn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń hú ikọ́ lábẹ́ sílíǹgì tó ti bu yẹ kó wà nínú ohun tí à ń wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, òun sì ni gbogbo àtakò máa ń já sí. Àfikún etí òrùlé tó jẹ́ ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ike abẹ́ kọ́ńkéré, nẹ́tì etí àjà: kò sí èyí tó wọ́n tó òwú òkè òkun nínú wọn, àwọn bíríkìlà àti kápẹ́ńtà tó wà láàárín wa ló sì lè ṣe wọ́n. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí ilé àti ọ̀nà, ìyẹn NBRRI, ti ń ṣe bíríkì amọ̀ pupa tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ kún tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀. Amọ̀ náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní gbogbo Ìbàràpá. Ẹni tó bá kà á sí ilé tálákà kò tíì ronú nípa ohun tí òun ń san fún kíkùn tó ń ṣí lọ́dọọdún.

Níkẹyìn, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí Adeseun Ogundoyin Polytechnic ní Èrúwà. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìwádìí. Ẹ na páànù sórí igi bí òrùlé mẹ́rin kéékèèké nínú ọgbà yín. Kí ọ̀kan ní òwú tí ojú bébà rẹ̀ kọ sísàlẹ̀, kí èkejì ní èyí tó kọ sókè, kí ẹ̀kẹta ní òwú tí kò ní bébà, kí ẹ̀kẹrin ní alumíníọ́ọ̀mù dídán pẹ̀lú àlàfo afẹ́fẹ́. Ẹ wọn ìwúwo ègé òwú kọ̀ọ̀kan ní oṣù Kẹta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n wọ́n ní oṣù Keje àti ní oṣù Kọkànlá, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan ní agogo méjì ọ̀sán. Ohun tó bá fi wúwo ju ti oṣù Kẹta lọ, omi ni. Kí ẹ lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà Èrúwà àti ti Igbó-Ọrà, ní èdè Yorùbá, níbi tí kápẹ́ńtà yóò ti rí i kà kí ó tó lọ ra ohun èlò.